Páálí Ìwé Idà

Kàúsárà kò fẹ́ràn idà. Bó bá ti rí ọ̀bẹ tó gùn ju èyí tí wọ́n fi ń gé àlùbọ́sà lọ, ara rẹ̀ a bù máṣọ. Ìwé ló mọ̀. Ìwé àlòkù ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ńlá Treichville ní Àbíjàn, lórí ọ̀rá fífẹ̀ kan tó máa ń tẹ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ: ìwé iléèwé tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti kọ orúkọ sí lára, ìwé ìtàn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ìwé àdúà, ìwé oúnjẹ sísè, ohunkóhun tó bá ṣáà ti ní ojú ewé. Èyí tí kò bá tà rárá kì í ṣòfò. Àwọn tó ń din dòdò àti ẹja a máa wá rà á, wọn a fi wé oúnjẹ fún oníbàárà.

Ará Ṣakí ni bàbá tó bí i, àmọ́ Treichville ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ọkọ àkọ́fẹ́ rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí Libreville, kò padà mọ́, àwọn alùfáà sì ti tú ìgbéyàwó náà ká tipẹ́. Bàsìt, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti di ọkùnrin, iṣẹ́ ti gbé e lọ sí Bouaké. Kàúsárà ń dá gbé, ó ń dá sè, ó ń dá jẹ, ó sì ti gbà pé bí tòun ṣe máa rí nìyẹn.

"Mo ní ìwé, mo ní ìrun tí mò ń kí," ló máa ń sọ fún Mùsílímátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù aláṣọ náà. "Kí ni mo tún ń wá?"

"Ẹni tó máa bá ọ kó ìwé wọlé," ni Mùsílímátù máa ń dá a lóhùn.

Ó ṣẹlẹ̀ pé òyìnbó arúgbó kan tó ti pẹ́ ní Marcory ń kó padà sí ìlú rẹ̀. Ẹni tó ń bá a ṣọ́ ilé ló kó àwọn ìwé tó fẹ́ dà nù wá bá Kàúsárà. Páálí ńlá kan wà láàárín wọn. Nígbà tí Kàúsárà tú u, ìwé pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ló kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì kún fún àwòrán idà, ọ̀bẹ, ọ̀kọ̀ àti ìbọn ṣakabùlà. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó ní iye, ó sì ní ọ̀rọ̀ Faransé díẹ̀ lábẹ́. Kàtálọ́ọ̀gì ni wọ́n. Àwọn oníṣòwò ohun ìjà àtijọ́ nílẹ̀ Faransé ló tẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí oníbàárà wọn nígbà tí fóònù alágbèéká kò tíì dáyé. Àwọn mìíràn nínú wọn dàgbà ju Kàúsárà fúnra rẹ̀ lọ.

"Ta ló máa ra ìwé ọjà tí wọ́n ti tà tán?" ló bi ara rẹ̀. Ó yọ ìdì kan nínú wọn, ó tà á fún Nafissa, ọmọ Dyula kan tó ń din dòdò ní Siporex, ó sì ti páálí náà sí ẹ̀yìn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí àwọn èèyàn ṣe ń tú jáde ní mọ́ṣáláṣí, Kàúsárà ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Adjamé sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí ọkùnrin gíga kan tó wọ jalámíà aláwọ̀ eérú dúró níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà wo páálí, ó tún un wò, ó sì lóṣòó tì í láìbìkítà pé ilẹ̀ lè ba aṣọ òun jẹ́. Ó fi ìka méjì ṣí kàtálọ́ọ̀gì kan bí ẹni ń ṣí aṣọ kúrò lójú ọmọ tuntun. Nígbà tí Kàúsárà gbé fóònù sílẹ̀, ọkùnrin náà ní:

"Ẹ kú ọjà o. Mo gbọ́ Yorùbá lẹ́nu yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé títà ni èyí?"

"Títà ni gbogbo rẹ̀, àfi àpótí tí mo jókòó lé."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní Àbdùlbàkí lorúkọ òun, ará Ìgbòho, Port-Bouët lòun ti ń ta àwọ̀n àti okùn fún àwọn apẹja. Kàúsárà, tí kì í fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kìlọ̀ fún un: "Àwọn idà inú rẹ̀, wọ́n ti tà wọ́n kí n tó gbọ́njú o. Ẹ má lọ kọ̀wé sí wọn."

"Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ ẹ nìyẹn," ni Àbdùlbàkí wí. "Ẹ gbọ́, àwa tí à ń kó idà àtijọ́ jọ, ìṣòro wa ni pé idà kì í sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà ní musée, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, èèyàn lè lọ wò wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù, yàrá ẹnì kan ni wọ́n ti ń kúrò lọ sí yàrá ẹlòmíràn. Lójú ọ̀nà yẹn nìkan, nígbà tí wọ́n wà lọ́wọ́ oníṣòwò, ni wọ́n máa ń ya àwòrán wọn. Wọ́n á wọn gígùn rẹ̀, wọ́n á fi èèkù rẹ̀ hàn, wọ́n á fi ibi tí wọ́n ti tún un ṣe hàn. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn á padé. Bí mo bá ní idà tí mi ò mọ̀, inú irú ìwé yìí ni mo ti lè rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀."

"Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ń kọ́? Ṣé òótọ́ ni?"

"Àwòrán ni mo máa ń gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ kan mú un. Wọ́n á mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó iṣu, wọ́n á ní ti ọmọ ọba ni."

"Ọlọ́jà ni wọ́n," ni Kàúsárà fèsì. "Aláta wo lẹ rí tó ní ata òun ò ta?"

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àbdùlbàkí ra kàtálọ́ọ̀gì kan lọ́jọ́ náà, ó ní òun á padà wá fún òmíràn. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ra ẹyọ kan péré. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe. Bó bá ti kírun tán, á wá, á lóṣòó, títí Kàúsárà fi wá àpótí kejì sílẹ̀ fún un. Nígbà mìíràn a mú ẹja tútù dání láti Port-Bouët, tó fi ewé wé dáadáa. Ó ń fi àwòrán han Kàúsárà: wo èèkù yìí, eyín erin ni wọ́n fi ṣe é, wo èyí, àwọn ará aṣálẹ̀ ló ni ín, wo àkọ̀ yìí, kì í ṣe òun ni wọ́n dá mọ́ idà yìí, ó fẹ̀ jù ú lọ. Kàúsárà tí ara rẹ̀ máa ń bù máṣọ wá di ẹni tó ń fi ọwọ́ pa àwòrán idà. Ọjọ́ kan, kí ọkùnrin náà tó dé, ó da gbogbo páálí sílẹ̀, ó to ìwé oníṣòwò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ó sì fi okùn pupa dì wọ́n. Àbdùlbàkí rí i. Ó kàn ń wo àwọn okùn náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni," ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

Mùsílímátù ń wò wọ́n láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó sún mọ́ àbúrò rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni yìí, tó lè ra páálí yẹn tán lọ́jọ́ kan, tó wá ń rà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìwé ló ń wá ni, àbí oníwèé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bú èèyàn jẹ́jẹ́."

"Mi ò bú u. Mo ní kó máa rọra rà."

Ní Jímọ̀ kan, Àbdùlbàkí sọ ohun tó ń wá gan-an. Bàbá bàbá rẹ̀, Àrìmíyàù, máa ń fi ẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Bobo wá tajà sí ilẹ̀ yìí. Nínú ìrìn àjò kan ni ẹnì kan tó gbà á sílé nígbà tó ń ṣàìsàn ti fún un ní idà kúkúrú kan, ojú rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bàbà ni wọ́n fi ṣe orí èèkù rẹ̀. Idà náà kò ní àkọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú ẹbí, kò sẹ́ni tó mọ ìlú tó ti wá. Torí rẹ̀ ni Àbdùlbàkí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kó idà jọ látìgbà èwe.

"Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Bassam, Hamed, idà ni òun náà ń kó. Ó búra pé òun ti rí irú rẹ̀ rí nínú kàtálọ́ọ̀gì oníṣòwò kan ní Bordeaux. Ó ní ẹ̀yìn ìwé náà pupa, orí kìnnìún wà lára rẹ̀. Mo rò pé màá bá a nínú páálí yìí, àmọ́ ó ti ń tán lọ, mi ò tíì rí i."

Ọkàn Kàúsárà já. Ó rántí kìnnìún yẹn. Ó rántí i torí pé ó jọ pé kìnnìún náà ń rẹ́rìn-ín. Inú ìdì tó tà fún Nafissa ló wà.

Ó lè dákẹ́. Àmọ́ kò dákẹ́. Ó ní, "Bàbá Ràyhánà," torí Ràyhánà lorúkọ ọmọ Àbdùlbàkí, bẹ́ẹ̀ ló sì ti máa ń pè é, "ìwé yẹn wá síbí. Mo ti tà á fún onídòdò kan kí n tó mọ̀ yín."

Àbdùlbàkí kò bínú. Ó dìde, ó gbọn jalámíà rẹ̀. "Níbo ni onídòdò náà wà?"

"Siporex."

"Ṣé ebi ò pa yín?"

Mùsílímátù bá wọn jókòó ti ọjà. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè ní gbaka, wọ́n fún ara wọn sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Lójú ọ̀nà, Àbdùlbàkí sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó ti ṣaláìsí, Ẹ̀rínọlá. Ó ní obìnrin náà ló ń bá òun fi òróró nu àwọn idà kí wọ́n má dípẹtà, tó sì máa ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí àlejò. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Kàúsárà tẹ́tí. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọkùnrin tó lè sọ̀rọ̀ òkú báyìí, tí inú rẹ̀ ṣì dùn sí i, ọkùnrin gidi ni. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ Bàsìt, bó ṣe kọ́kọ́ fi ìwé iléèwé tí òun ń tà kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò. Ó yà á lẹ́nu pé òun ń sọ̀rọ̀ tó báyìí nínú ọkọ̀.

Nafissa rí wọn lókèèrè, ó na síbí ìdáná sókè, ó fi èdè Dyula kí i. "I ni wula, Kàúsárà! Ta lo mú wá yìí?"

"Oníbàárà ni. Nafissa, ìwé pupa tí kìnnìún wà lára rẹ̀, tó wà nínú èyí tí mo tà fún ọ, ó dà?"

Nafissa nawọ́ sí ìdí ààrò. Ẹ̀yìn ìwé náà ló fi ń fẹ́ná, kìnnìún ti jó dé etí. Ojú ewé díẹ̀ ṣẹ́ kù lábẹ́ òkúta. Àbdùlbàkí yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tìṣọ́ra-tìṣọ́ra: ọ̀kọ̀, ọ̀bẹ, ìbọn, àṣíborí àwọn jagunjagun. Idà rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

"Èyí tó gbẹ̀yìn lára àwọn tí mo ya, ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ló wà," ni Nafissa wí, ó tọ́ka sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jó irin pọ̀ ní òdìkejì. Ó ti gbé iṣẹ́ tì, ó jókòó sórí irin ńlá kan, dòdò àti ẹja díndín wà lórí ìwé nítan rẹ̀, ó ń jẹun.

Wọ́n lọ bá a, wọ́n dúró. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rí àgbàlagbà méjì tí wọ́n tẹjú mọ́ itan òun, ẹnu rẹ̀ sì dúró. "Vieux père, y a drap?" Nouchi, ẹnà àwọn ọmọ Àbíjàn, ni, ó ń béèrè bóyá wàhálà ti dé.

"Kò sí wàhálà kankan, ọmọ mi," Àbdùlbàkí fi Faransé dá a lóhùn. "Ìwé tó wà lábẹ́ oúnjẹ rẹ la fẹ́. Jẹun, má kánjú. A óò dúró."

Ṣùgbọ́n ta ló lè jẹun nígbà tí wọ́n dúró lé e lórí báyẹn? Ọmọ náà gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ó kùnà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sún, ó ní bó bá jẹ́ ìwé ni wọ́n ń wá, kí wọ́n jókòó, kí gbogbo àwọn jọ jẹ ẹ́ kó lè tètè tán. Nafissa bu ata kún un. Báyìí ni àwọn mẹ́ta ṣe jókòó sórí irin, tí wọ́n ń mú dòdò kúrò lórí ìwé. Bí dòdò kan ṣe ń kúrò, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń yọjú nísàlẹ̀. Ìdí àkọ̀ kan kọ́kọ́ hàn, tó rí ṣóńṣó. Lẹ́yìn náà, awọ, pẹ̀lú okùn tí wọ́n hun. Kàúsárà mú dòdò ńlá kan kúrò láàárín, orí èèkù bàbà sì ń wò ó.

"Kàúsárà, wò ó!" ni Àbdùlbàkí kígbe. "Wò ó!"

Kàúsárà wò ó. Àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kò sọ pé "ẹ wò ó." Láti Jímọ̀ àkọ́kọ́ ni "ẹ" ti wà láàárín wọn bí ìgànná. Ìgànná náà wó lulẹ̀ lórí irin ní Siporex, ọkùnrin náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ló wó o. Ara Kàúsárà móoru, kì í ṣe tìtorí ata.

Orí ẹja ló bo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà. Ọmọ tó ń jó irin gbé e kúrò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu epo, ó sì kà á sókè: "Sabre court," ìyẹn idà kúkúrú. "Origine inconnue."

Àbdùlbàkí tẹrí ba. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Kàúsárà rò pé ó ń sunkún, àfi bó ṣe rí i pé ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tó ń mú omi jáde lójú.

"Wọ́n ní àwọn ò mọ ibi tó ti wá!" ni ó ń wí. "Oníṣòwò Bordeaux pẹ̀lú gbogbo ìwé rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n!"

"Ṣé gbogbo ọ̀nà tá a rìn yìí, kó lè sọ fún yín pé òun náà ò mọ̀ ni?" Kàúsárà náà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, Nafissa gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, òun náà ń rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, Àbdùlbàkí nu ojú. Ó gbé ìwé náà sókè sí oòrùn. Epo ti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa gba inú rẹ̀ kọjá bí ọ̀rá. "Ṣùgbọ́n àkọ̀ rẹ̀ rèé," ló wí jẹ́jẹ́. "Látìgbà tí mo ti dáyé, mi ò mọ bí àkọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Mo tún ti rò pé òun nìkan ló wà láyé. Kò dá wà."

Ọmọ náà fi fóònù ya àwòrán náà. Ó ní bí bàbá bá rí aláwọ tó lè dá àkọ̀, òun lè fi bàbà ṣe ìdí rẹ̀ ṣóńṣó. Kì í ṣe ẹnu lásán ló sì fi sọ ọ́, torí kó tó pẹ́ ó ṣe é, aláwọ kan ní Adjamé sì dá ìyókù. Hamed wá láti Bassam wá wò ó, ó gbé àkọ̀ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé elépo, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní kò sí àbùkù kankan, àyàfi pé àkọ̀ tòótọ́ kì í gbóòórùn dòdò. Ìwé náà ló ń gbóòórùn, àmọ́ wọn kò já a ní koro.

Kò pẹ́ tí páálí náà tán. Ní Jímọ̀ tí Àbdùlbàkí ra èyí tó gbẹ̀yìn, kò dìde lọ. Ó jókòó sórí àpótí tirẹ̀, ó ń yí ìwé náà lọ́wọ́.

"Kò sí mọ́," ni Kàúsárà wí.

"Mo mọ̀. Mò ń ronú ohun tí màá tún máa wá rà."

"Ìwé oúnjẹ sísè wà."

"Kàúsárà," ó ní, "yàrá mẹ́ta ni ilé mi ní Port-Bouët. Ọ̀kan ni tèmi, ọ̀kan ni ti idà. Ẹ̀kẹta ṣófo. Oníwèé ló máa dára níbẹ̀."

Kàúsárà gbá eruku kúrò lára ìwé tí kò ní eruku. Ìgbà tó yá, ó ní, "Ìwé nìkan lẹ fẹ́ kí wọ́n kó lọ síbẹ̀?"

"Mo ní oníwèé. Mi ò ní ìwé."

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bẹ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ti ń na ọrùn látàárọ̀ bí ẹyẹ àkẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó wà ní Adjamé lẹ máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ má mú idà dání lọ o."

Wọ́n so yìgì wọn láìsí ariwo, pẹ̀lú àwọn alùfáà díẹ̀ àti àwọn ẹbí. Ràyhánà, ọmọ ọkọ, dì mọ́ Kàúsárà, ó sì sọ sí i létí pé bàbá òun ti ń fi òróró nu idà láìkí wọn láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ ní báyìí ó ti tún ń kí wọn. Bàsìt wá láti Bouaké, ó yẹ Àbdùlbàkí wò bí ẹni ń yẹ ẹran iléyá wò, ó sì fọwọ́ sí i. Mùsílímátù kò ṣe nǹkan mìíràn ju kó máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé òun ti rí i tipẹ́.

Kàúsárà kò fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé kò jẹ́ kí wọ́n fi kàtálọ́ọ̀gì wé oúnjẹ mọ́. Àwọn tó ń kó ohun ìjà àtijọ́ jọ ní Àbíjàn bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ pé obìnrin Ànàgó kan, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, wà ní Treichville tó mọ kàtálọ́ọ̀gì oníṣòwò yìí yàtọ̀ sí ti tọ̀hún, tó sì máa ń sọ fún èèyàn pé kó wo àwòrán kó tó ka ọ̀rọ̀. Wọ́n ń pè é lórí fóònù láti Bassam, láti Yamoussoukro. Bí ilé kan bá fẹ́ kó ìwé dà nù, wọ́n á rántí rẹ̀. Páálí tún ń wọlé, yàrá kẹta tó ṣófo sì ń kún.

Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, ó dé tagbára-tagbára. Ọ̀sán gangan ni, ojú ọ̀run ṣú dúdú lórí òkun Port-Bouët, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá ìwé. Tọkọtaya náà sáré. Wọ́n gbé páálí kan sórí tábìlì, wọ́n gbé òmíràn sórí àga, nígbà tí kò sí àyè mọ́ wọ́n kó ìyókù sórí bẹ́ẹ̀dì tiwọn, wọ́n fi kúbùsù bò wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ́ ẹní sí igun tó gbẹ nínú pálọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń gbọ́ bí òjò ṣe ń lu páànù.

Fóònù dún. Ràyhánà ni. Ó ní òun gbọ́ pé omi ti gba gbogbo ẹ̀bá òkun, ṣé kò wọlé?

"Ó wọlé díẹ̀. Ìwé wà lórí bẹ́ẹ̀dì," ni Àbdùlbàkí wí. "Kò sí èyí tó tutù."

"Papa! Ẹ̀yin fúnra yín ń kọ́?"

Àbdùlbàkí wo Kàúsárà, tó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ẹ̀kán omi kan kúrò lára ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

"A wà nílẹ̀," ó ní. "A wà dáadáa."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì sún mọ́ ìyàwó rẹ̀ láti wo àwòrán tó ń wò.